Wọ́n pe ẹ̀yin méjì lẹ́jọ́ pọ̀: ta ló máa sanwó?

Tó bá jẹ́ pé agbègbè Ìkẹjà sí Agége lẹ ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ yín, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré lẹ ní ní Ògbà. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo lẹ fi ń kó ọjà fáwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Ọba Akran. Ó sì lè jẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì lẹ ń tà ní Agége. Ọjọ́ kan lè wà tí báílífù á mú ìwé kóòtù wá, tí ẹ ó sì rí orúkọ yín níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe orúkọ yín nìkan. Orúkọ iléeṣẹ́ ńlá tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ ló máa wà lókè: olùjẹ́jọ́ kìíní. Ẹ̀yin lẹ máa wà nísàlẹ̀: olùjẹ́jọ́ kejì.

Èrò tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé, "Àwọn ọlọ́lá yìí ni wọ́n ń bá jà, kì í ṣe èmi. Wọ́n lówó, wọ́n ní lọ́yà, ẹ jẹ́ kí n rọra dúró sẹ́yìn wọn." Mo ti jókòó nínú kóòtù Ìkẹjà pẹ́ tó láti mọ̀ pé èrò yìí léwu. Ẹni tí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀ lè jẹ́ ẹni tí lọ́yà rẹ̀ máa nàka sí yín lọ́sàn-án.

Òfin mọ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀, ó sì fún yín ní ohun tí ẹ lè ṣe. Olùjẹ́jọ́ kan lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú ẹjọ́ kan náà, níwájú adájọ́ kan náà. Ó lè sọ pé, "Olúwa mi, tí ẹ bá dá mi lẹ́bi, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí ló yẹ kó san án, tàbí kó kéré tán, kó san apá tiẹ̀." Crossclaim ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Àwọn lọ́yà tiwa máa ń lo contribution tàbí indemnity, àwọn méjèèjì ò sì jọra, mo ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Fanta, Sprite àti olùjẹ́jọ́ méjì

Ṣé ẹ rántí ẹjọ́ Fanta àti Sprite tó gba orí ayélujára kan ní 2017? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa rántí níbẹ̀ ni pé kéèyàn má mu ún pọ̀ mọ́ vitamin C. Ohun tí a ò sọ tó ni pé olùjẹ́jọ́ méjì ló wà nínú ẹjọ́ yẹn, àti pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà jáde nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2007, iléeṣẹ́ Fijabi Adebo Holdings ra Coca-Cola, Fanta, Sprite àtàwọn ọtí ẹlẹ́rìndòdò mìíràn lọ́wọ́ Nigerian Bottling Company, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NBC, ó sì kó wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ tà. Nígbà tí ọjà débẹ̀, àwọn aláṣẹ ìlú Stockport yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní benzoic acid àti àwọ̀ kan tó ń jẹ́ sunset yellow ti pọ̀ nínú Fanta àti Sprite ju ohun tí wọ́n gbà láàyè níbẹ̀ lọ. Wọ́n ba ọjà náà jẹ́. Oníṣòwò náà padà sílé, ó sì pe NBC àti NAFDAC lẹ́jọ́ pọ̀ nílé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó ní 2008. NBC ló ṣe ọjà, NAFDAC ló fọwọ́ sí i. 15 oṣù kejì 2017 ni Adájọ́ Adedayo Oyebanji tó dá ẹjọ́ náà ní Igbosere. Ọdún 9 gbáko! Igbosere yìí náà ni wọ́n dáná sun ní oṣù kẹwàá 2020.

Ohun tí NBC rọ̀ mọ́ ni pé Nàìjíríà ni wọ́n ṣe ọjà náà fún, kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nàìjíríà gba benzoic acid tó tó mílígíráàmù 250 nínú kílò kan, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò gbà ju 150 lọ. Adájọ́ gbà pé NBC ò jẹ oníṣòwò yẹn ní gbèsè, torí pé ìlú wa níbí ni wọ́n ṣe ọjà náà fún. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ fún NAFDAC. Adájọ́ ní wọn ò ṣe iṣẹ́ tí òfin gbé lé wọn lọ́wọ́ láti dáàbò bo aráàlú. Ó pàṣẹ pé kí NAFDAC mú kí NBC kọ ìkìlọ̀ sára ìgò Fanta àti Sprite pé kí wọ́n má mu ún pọ̀ mọ́ vitamin C, ó sì ní kí NAFDAC san ₦2 mílíọ̀nù fún ìnáwó ẹjọ́ náà.

Mi ò mú ẹjọ́ yìí wá torí Fanta o. Mo mú un wá torí ohun tó fi hàn: bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ orúkọ yín pọ̀, adájọ́ á yà yín sọ́tọ̀, á wo ohun tí ó jẹ́ ojúṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ṣe ọjà lọ láì san kọ́bọ̀, owó sì já lé ẹni tó fọwọ́ sí ọjà náà lórí. Ẹ wá jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kì í ṣe NAFDAC ni olùjẹ́jọ́ kejì, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ tẹ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn kan, ní yàrá kan lẹ́yìn Acme Road. Wọ́n kọ "ṣíbí kan" síbi tó yẹ kí wọ́n kọ "ìdajì ṣíbí" sí. Ọmọ ẹnì kan mu ún, ó sì ṣàìsàn. Ìyá ọmọ náà pe iléeṣẹ́ oògùn àti ẹ̀yin lẹ́jọ́. Iléeṣẹ́ ní ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ní bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí yín lórí íméèlì lẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìyá náà ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, kò sì jẹ́ nǹkan kan fún un. Ẹni tó máa sanwó ló ń wá.

Ibí yìí ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù lọ wà. Bí adájọ́ bá sọ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jẹ̀bi, olùpẹjọ́ ò ní láti pín gbèsè náà sí méjì. Ó lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan. Bí owó gbà-mábìínú náà bá jẹ́ ₦10 mílíọ̀nù, tí iléeṣẹ́ náà sì ti kógbá wọlé kí wọ́n tó dá ẹjọ́, ₦10 mílíọ̀nù náà lè di ti ẹ̀yin nìkan, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀bi náà lẹ ní. Ẹ má sì sọ pé iléeṣẹ́ ńlá kì í kógbá wọlé. Dunlop wà ní Ọba Akran níbẹ̀, kò ṣe táyà níbẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ kí kóòtù tó dé: ẹni tó gbépo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ohun tí òwe yẹn ò sọ ni bí àwọn méjèèjì ṣe máa pín owó epo láàárín ara wọn.

Iléeṣẹ́ ọlọ kan àti £840

Nígbà kan, òfin ò gbà kí wọ́n pín in rárá. Ní 1799, ẹjọ́ kan wáyé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín Merryweather àti Nixan. Àwọn méjèèjì ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Starkey ti kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́ torí iléeṣẹ́ ọlọ kan àti ẹ̀rọ inú rẹ̀ tí wọ́n bà jẹ́. Kóòtù ní kí wọ́n san £840. Ọwọ́ Merryweather nìkan ni Starkey ti gba gbogbo owó náà. Ni Merryweather bá pe Nixan lẹ́jọ́: "Dá ìdajì padà fún mi." Lord Kenyon ní rárá. Ohun tó wà nídìí ìdájọ́ yẹn ni pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí kò dáa ò lè wá bẹ kóòtù kó bá òun gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ṣe é.

Ó dà bíi pé ó mọ́gbọ́n dání, àbí? Àmọ́ ẹ wo ohun tó bí: ẹni tí olùpẹjọ́ bá kọ́kọ́ rí gbá mú ló jẹ gbèsè, ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí lọ lọ́fẹ̀ẹ́. 1935 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin yí i padà. Ọdún 136 nìyẹn.

Ti Ìkẹjà ní ìtàn tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iléeṣẹ́ sí Ìkẹjà, abẹ́ Western Region ni ìlú náà wà, Ìbàdàn ni àṣẹ ti ń wá, kì í ṣe Aláúsá. Torts Law tó wà nínú ìwé òfin Western Region ti 1959 sì ti ní ìpèsè pé ẹni tó san gbèsè ẹ̀bi lè béèrè ìpín lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ jẹ̀bi. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 oṣù karùn-ún 1967, Ìkẹjà bọ́ sábẹ́ Èkó. Lónìí, Law Reform (Torts) Law ti ìpínlẹ̀ Èkó ló ń ṣiṣẹ́ náà. Adájọ́ lè wo iye ẹ̀bi tó wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó pín owó náà bó ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Ó lè ṣe é ní 60 sí 40, ó lè ṣe é ní 90 sí 10, ó tiẹ̀ lè sọ pé ẹnì kan ò ní san nǹkan kan fún ẹnì kejì.

Ibi kan wà tó yẹ kí ẹ fojú sí. Ẹ̀bi tí kì í ṣe ti àdéhùn ni irú òfin yìí dá lé: àìbìkítà, ìpalára, bíba dúkìá jẹ́. Tó bá jẹ́ pé torí ẹ ò mú àdéhùn ṣẹ ni wọ́n ṣe pè yín lẹ́jọ́, ẹ má kàn rò pé òfin yìí á gbà yín. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ òfin tiwọn lójú ní 1978 kó lè kan àdéhùn náà. Níbí, ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sínú àdéhùn ló máa ń gba èèyàn. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń ra ọjà lọ́wọ́ yín wò, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ wínníwínní tí ojú ò fi lè rí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ru gbogbo ẹrù tí ẹnikẹ́ni bá gbé ka iléeṣẹ́ náà lórí. Mo ti rí i tí ọ̀dọ́ kan fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ ò tó ₦80,000.

Ìpín yàtọ̀ sí ìgbẹ́rù

Contribution ni pé ká jọ ru ú. Ẹ̀yin gbà pé ẹ lẹ́bi díẹ̀, ẹ ní kí ẹnì kejì san tiẹ̀. Indemnity ni pé ẹnì kejì ló máa gbé gbogbo ẹrù náà kúrò lọ́rùn yín, bóyá torí pé ó ṣèlérí bẹ́ẹ̀ nínú àdéhùn, tàbí torí pé bí àjọṣe yín ṣe rí nìyẹn. Ẹ lè béèrè méjèèjì nínú ìwé kan náà: "Kó gbé gbogbo rẹ̀, tí adájọ́ ò bá gbà bẹ́ẹ̀, kó gbé apá tiẹ̀."

Àpẹẹrẹ indemnity tó máa ń dùn mí jù ni ti awakọ̀ kan ní Romford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lister lorúkọ rẹ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ fún Romford Ice and Cold Storage, ọmọ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, bàbá jẹ́ ọmọọṣẹ́ inú ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ kan, nínú ọgbà ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ọmọ ń fi ẹ̀yìn rìn, ó sì fi ọkọ̀ gbá bàbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń fi ẹ̀yìn wọlé sí Oko-Ọba ní Agége láàárọ̀ kùtù máa mọ bó ṣe rọrùn tó. Bàbá pe iléeṣẹ́ lẹ́jọ́, iléeṣẹ́ sì jẹ̀bi, torí pé ọ̀gá ló ń dáhùn fún àìbìkítà òṣìṣẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ adójútòfò san owó náà. Lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ adójútòfò lo orúkọ ọ̀gá láti lépa ọmọ náà pé kó dá gbogbo owó tí wọ́n san fún bàbá rẹ̀ padà. Ní 1957, House of Lords ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ san án. Adájọ́ mẹ́ta sí méjì ni.

Inú àwọn èèyàn ò dùn sí ìdájọ́ yẹn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá, àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ibẹ̀ sì bá ara wọn ṣe ìlérí pé àwọn ò ní máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí òṣìṣẹ́ lásán. Ìlérí ni o, kì í ṣe òfin. Èrò ohun tí Lister sọ ṣì wà nínú ìwé, lọ́yà tó bá gbọ́n sì lè mú un jáde níbí. Tí ẹ bá jẹ́ awakọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ̀gá rẹ̀ nínú ẹjọ́, ẹ má gbàgbé pé ọ̀gá yín lè yíjú padà sí yín.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Nílé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi ìwé lé yín lọ́wọ́, ọjọ́ 42 lẹ ní láti fi ìwé ìgbèjà sílẹ̀. Inú ọjọ́ 42 yẹn ni kí ẹ ti bi lọ́yà yín léèrè nípa olùjẹ́jọ́ kejì. Ìgbà tó dáa jù láti fún ẹlẹgbẹ́ yín ní ìwé pé ẹ ń béèrè ìpín tàbí ìgbẹ́rù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìgbà tí ẹ bá ń fi ìgbèjà yín sílẹ̀. Kì í ṣe ọdún kẹta, nígbà tí ẹlẹ́rìí ti sọ tẹnu ẹ̀ tán. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé yẹn bá bá ìgbèjà wọlé, ẹ ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù. Tó bá pẹ́, ẹ máa tọrọ. Ní Amẹ́ríkà, Rule 13(g) nínú ìlànà kóòtù àpapọ̀ wọn gbà á láyè tí ọ̀rọ̀ náà bá ti orí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà tí ẹjọ́ dá lé wá, àmọ́ kò fi dandan lé e. Èyí tó fẹ́ lè gbé e dìde lẹ́yìn.

Tí ẹni tó yẹ kó jìyà kò bá sí nínú ẹjọ́ náà rárá ńkọ́? Ọ̀nà mìíràn nìyẹn. Ìlànà kóòtù Èkó gbà kí olùjẹ́jọ́ bẹ adájọ́ pé kó jẹ́ kí òun fa ẹni náà wọlé gẹ́gẹ́ bíi third party, torí pé ó lè jẹ́ òun ló máa ru gbogbo gbèsè tàbí apá kan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ tẹ ìwé oògùn lè fa ẹni tó ya àwòrán ìwé náà fún iléeṣẹ́ wọlé. Tí ẹni náà bá ní òun ò dá kóòtù lóhùn, ó lè bá ara rẹ̀ nínú ìdájọ́ tí kò bá wọn jà.

Ẹ máa nílò ẹ̀rí. Òun ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kékeré ò ní. Ohun tó fi hàn pé iléeṣẹ́ ló fi àṣìṣe ránṣẹ́ ni íméèlì, ọ̀rọ̀ orí WhatsApp, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má pa wọ́n rẹ́ torí pé ibi ìpamọ́ fóònù yín ti kún. Ohun tí olùjẹ́jọ́ kan bá sì jẹ́wọ́ rẹ̀ ò di ẹ̀bi sí olùjẹ́jọ́ kejì lọ́rùn ṣàkó, torí náà lọ́yà yín gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè wádìí àwọn ẹlẹ́rìí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kò lè ṣe é tó bá jẹ́ pé lọ́yà kan náà ló ń jà fún yín méjèèjì.

Ìyẹn náà tọ́ sí ìpínrọ̀ kan. Iléeṣẹ́ ńlá lè sọ fún yín pé, "Ẹ má dá ara yín láàmú, lọ́yà wa á bá yín ṣe é, ọ̀fẹ́ ni." Inú rere lè wà nínú ẹ̀. Àmọ́ ìlànà iṣẹ́ lọ́yà ní Nàìjíríà ò fẹ́ kí lọ́yà kan máa ṣe fún èèyàn méjì tí ire wọn bá kọlu ara wọn. Ọjọ́ tí ire yín bá kọlu ara wọn, ta lẹ rò pé lọ́yà náà máa tẹ̀ lé? Ẹni tó ń san owó rẹ̀ ni.

Ìjù-Ìṣàgá

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí, ojú olùjẹ́jọ́ ni mo fi ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká wò ó látọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ṣe léṣe.

Ní 3 oṣù kẹfà 2012, ọkọ̀ òfurufú Dana tó ń bọ̀ láti Àbújá já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá, kò jìnnà sí Agége, lórí ibi tí àwọn èèyàn ń gbé tí wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, èèyàn 6 tó wà nílẹ̀ náà kú. Nínú ìròyìn tí àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ òfurufú gbé jáde ní 2017, ẹ̀ńjìnnì méjèèjì ni kò ní agbára mọ́. Ìwádìí náà mẹ́nu ba ohun tí àwọn awakọ̀ òfurufú náà ṣe àti ohun tí wọn ò ṣe, ó sì tún mẹ́nu ba bí wọ́n ṣe tún àwọn ẹ̀ńjìnnì náà ṣe ní Amẹ́ríkà. Ẹ ti rí i: ẹni tó ni ọkọ̀, ẹni tó tún ẹ̀ńjìnnì ṣe, ẹni tó ṣe ọkọ̀, ẹni tó ṣe ẹ̀ńjìnnì. Àwọn mẹ́rin lè fi ogún ọdún nàka síra wọn.

Ìdí nìyí tí àdéhùn Montreal ti 1999, tó ń darí owó gbà-mábìínú fún arìnrìn-àjò òfurufú lágbàáyé, tí Nàìjíríà sì ti sọ di òfin nílé, fi ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló máa dá arìnrìn-àjò tàbí ẹbí rẹ̀ lóhùn. Article 37 wá sọ pé ohun tí àdéhùn náà sọ ò dí ẹni tó sanwó lọ́wọ́ láti lépa ẹlòmíì tó rò pé ó yẹ kó san án. Lédè mìíràn: ẹ kọ́kọ́ sanwó fún opó, kí ẹ tó lọ bá ara yín jà.

Mo fẹ́ràn ètò yẹn, mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn adájọ́ wa máa fi í sọ́kàn nínú àwọn ẹjọ́ tí kò ní ọkọ̀ òfurufú nínú. Ìjà láàárín àwọn olùjẹ́jọ́ lè jẹ́ ẹ̀tàn láti fa ẹjọ́ gùn. Òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ gé ní ìka nínú iléeṣẹ́ kan ní Orẹ́gùn ò ní ọdún 9 láti dúró kí iléeṣẹ́ àti agbaṣẹ́ṣe tó gbà á síṣẹ́ pinnu ẹni tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Employees' Compensation Act ti 2010 wà, owó rẹ̀ sì ń ti ọwọ́ NSITF wá láì jẹ́ pé ó ń fi ẹ̀bi kan ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá jẹ́ olùpẹjọ́, ẹ ní kí lọ́yà yín bẹ adájọ́ kó gbọ́ ẹjọ́ yín tán kí ó tó gbọ́ èyí tó wà láàárín àwọn olùjẹ́jọ́. Ó lè gbà.

Kí ẹ tó bá ara yín jà

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Òótọ́ ni. Bí olùjẹ́jọ́ kìíní àti ìkejì bá ń pariwo lé ara wọn lórí ní kóòtù, olùpẹjọ́ ò ní ṣiṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa bá a kó ẹ̀rí jọ. Nígbà míì, ó dáa kí ẹ kọ́kọ́ gbá olùpẹjọ́ dànù pọ̀, kí ẹ tó mọ bóyá gbèsè tiẹ̀ wà láti pín.

Ẹ lè ṣe méjèèjì. Ẹ kọ lẹ́tà sí olùjẹ́jọ́ kejì, ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé pé ẹnikẹ́ni ò ní bá ẹnikẹ́ni jà ní kóòtù báyìí, àmọ́ pé ẹ̀tọ́ láti pín gbèsè kò tíì kú. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gbé ti ìpín lọ sí Lagos Multi-Door Courthouse, tó ti wà láti 2002, kí ẹni tó mọ̀ nípa ìlàjà bá yín pín in láì sí ariwo. Iléeṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ kó tún máa fún yín níṣẹ́ lọ́la, ìlàjà ló dáa jù fún yín. Àmọ́ tí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé náà, ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn, ẹ fi ìwé tiyín sílẹ̀ ní kóòtù kí ọjọ́ 42 náà tó pé.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹjọ́ ti parí, tí ẹ sì ti san gbogbo owó náà láì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ yín, ilẹ̀kùn ò tíì tì pátápátá. Ẹ lè pe ẹjọ́ mìíràn láti gba ìpín yín. Ó kàn jẹ́ pé ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí láti ìbẹ̀rẹ̀, níwájú adájọ́ mìíràn, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí tó lè ti japa lọ Kánádà. Tí ìpín tí ẹ ń lé bá jẹ́ iye kan pàtó tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí tí kò sì ju ₦5 mílíọ̀nù lọ, ẹ bi lọ́yà bóyá kóòtù gbèsè kékeré tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 lè gbọ́ ọ, torí ibẹ̀ máa ń yá ju ilé ẹjọ́ gíga lọ. Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san fún olùpẹjọ́, títí kan ti báǹkì. Òun ni adájọ́ máa kọ́kọ́ béèrè.